Àkàbà Tí Kò Jẹran Mọ́

Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ wà láyà aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pè é. Àkàbà ni gbogbo ibùdó panápaná mọ̀ ọ́n sí. Ó ga débi pé ó ní láti tẹrí ba kó tó wọnú ọkọ̀, kò sì sí àjà yàrá tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó. Ẹni tí wọ́n máa ń pín mọ́ ọn tí iná bá sọ ni obìnrin kan tí kò ga ju àyà rẹ̀ lọ, tí wọ́n ń pè ní Kúkúrú. Bí àwọn méjèèjì bá bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ẹ̀rín á fẹ́ gba àwọn tó ń wòran. Àmọ́ bí wọ́n bá ti wọnú èéfín, kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín mọ́, nítorí wọn kì í jáde lọ́wọ́ òfo.

Ìgbà kan ṣoṣo ni wọ́n jáde lọ́wọ́ òfo. Bàbá àgbàlagbà kan há sí yàrá ẹ̀yìn nínú ilé onígi kan, ilẹ̀kùn yàrá náà kò sì ṣeé ṣí bọ̀rọ̀. Kí wọ́n tó fi àáké já a, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Àkàbà ló kọ́kọ́ wọlé. Ohun tó rí níbẹ̀, kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó wẹ̀, ó pààrọ̀ aṣọ, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé. Ìyá ìyàwó rẹ̀, tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn, gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, ẹran yíyan ńlá kan jókòó lórí rẹ̀. Bí òórùn ẹran náà ṣe kàn án nímú, ó dìde fùú. Ó sáré gba ilé ìwẹ̀ lọ, ó sì bì títí kò fi ku ohun tó lè bì.

Láti ọjọ́ náà ni ẹran ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ẹja pàápàá tẹ̀ lé e.

Ká ní ó sọ ọ́ ni, ọ̀rọ̀ náà ì bá má gùn. Ṣùgbọ́n báwo ni ẹni tó ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ iná ṣe máa sọ fáyé pé òórùn ẹran ń ba òun lẹ́rù? Màmá, ìyá ìyàwó rẹ̀, kò sì mọ ọ̀nà míì tí èèyàn fi ń yẹ́ àna sí ju kó fi ẹran tó tóbi jù nínú ìkòkò sínú abọ́ rẹ̀. Àkàbà á dúró kí Màmá yíjú, á fi aṣọ ìnujú wé ẹran náà, á tì í bọ àpò. Kò pẹ́ tí gbogbo ológbò àdúgbò fi di ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bó bá ń lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, wọ́n á tò tẹ̀ lé e bí ọmọ iléèwé. Ìrẹsì tàbí ànàmọ́ ló kù tó ń jẹ nílé. Níbi iṣẹ́, búrẹ́dì ni àti tíì tó dùn bí oyin.

Ebi kò pa á. Ibẹ̀ ni ẹ̀tàn náà wà. Ikùn ń kún, ara ń ṣófo.

Télọ̀ ni ìyàwó rẹ̀, ojú télọ̀ sì ni téèpù. Ó ti dín ìbàdí ṣòkòtò ọkọ rẹ̀ kù, ó tún ti dín in kù lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà tí Àkàbà tún gbé ṣòkòtò kan náà wá, obìnrin náà yọ abẹ́rẹ́ tó fi eyín há, ó ní, "Bàbá ọmọ mi, ta ló ń bá yín jẹ oúnjẹ yín?"

"Iṣẹ́ ló pọ̀."

"Iṣẹ́ ò tíì pọ̀ rí títí tí èèyàn á fi máa gbẹ bí igi ìdáná."

Àkàbà na ṣòkòtò náà sí i. Ìyàwó rẹ̀ gbà á, ó ran án. Ẹ̀rù ń bà á. Ó rò pé àìsàn kan ni ọkọ òun ń fi pa mọ́.

Ọ̀sán gangan ni agogo lù lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ náà tú. Ilé alájà mẹ́ta ni. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta fóòmù ló wà nísàlẹ̀, fóòmù ló sì ń jó, èéfín rẹ̀ dúdú bí ọ̀dà. Àwọn ará ilé ti sá jáde, àyàfi ìyá kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e dáadáa mọ́, tó wà lókè pátápátá. Àkàbà àti Kúkúrú wọlé. Wọ́n bá ìyá náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó di rírọ̀ bí aṣọ tútù. Àkàbà gbé e kọ́ èjìká bó ṣe máa ń ṣe. Kúkúrú ṣíwájú, ó ń tan iná tọ́ọ̀ṣì sí àtẹ̀gùn fún un.

Wọn ò tíì sọ̀ dé àárín tí orúnkún Àkàbà fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó rò pé ẹ̀rù ni. Ó bá ara rẹ̀ wí nínú ìbòjú, ó tún gbé ẹsẹ̀ kan. Ẹsẹ̀ kejì kọ̀. Bí ẹni tó ń bá ẹsẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ sọ̀rọ̀ ni.

"Ẹ̀gbọ́n! Kí ló dé?" Kúkúrú pariwo láti ìsàlẹ̀.

"Mò ń bọ̀!"

Kò bọ̀. Orúnkún rẹ̀ méjèèjì yẹ̀, ó fi ìdí lu àtẹ̀gùn, ìyá náà sì yọ̀ kúrò léjìká rẹ̀, ó ń bọ̀ wálẹ̀ lọ́dọ̀ Kúkúrú. Kúkúrú ju tọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, ó fi àyà àti èjìká dá a dúró, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Ògiri náà gbóná. Nínú òkùnkùn yẹn, Àkàbà gbọ́ tí Kúkúrú ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ẹsẹ̀ ni kẹ́ ẹ dì mú, ẹ̀gbọ́n! Ẹ fi ìdí wọ́ bọ̀! Ẹ má dìde!"

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe wọ́ ìyá náà sọ̀, ọ̀kan dì í lábíyá, èkejì dì í lẹ́sẹ̀, títí atẹ́gùn ìta fi fẹ́ sí wọn. Àwọn nọ́ọ̀sì tó bá ọkọ̀ ilé ìwòsàn wá gba ìyá náà, wọ́n fi ẹ̀rọ èémí sí i nímú, ó wúkọ́, ó sì la ojú. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Àkàbà jókòó ti táyà ọkọ̀, ó fẹ́ ṣí akoto lórí, ọwọ́ rẹ̀ kò gbé e.

Nígbà tí wọ́n padà dé ibùdó, Kúkúrú tẹ̀ lé e lọ síbi tí wọ́n ń sá rọ́bà tí wọ́n fi ń fọ́n omi síná sí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi o. Ìyá yẹn ò wúwo tó àpò sìmẹ́ǹtì. Mo ti ń wò yín tipẹ́. Tíì àti búrẹ́dì, búrẹ́dì àti tíì. Kí ló ń ṣe yín?"

Àkàbà wo rọ́bà tí omi ń kán nídìí rẹ̀.  Lẹ́yìn náà ló sọ gbogbo rẹ̀: bàbá inú yàrá ẹ̀yìn, ẹran yíyan, ológbò. "Òórùn yẹn," ó ní, "ṣé ìwọ ò gbọ́ ọ ni?"

"Mo gbọ́ ọ. Inú ilé ìwẹ̀ ni mo ti máa ń sunkún tèmi, kí omi lè bo ohùn mi." Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́. "Ẹ lọ sọ fún Ọ̀gá. Tí ẹ ò bá lọ, èmi á lọ. Iwájú yín ni mo máa ń wà lórí àtẹ̀gùn. Bí ẹ bá ṣubú, orí ta lẹ fẹ́ ṣubú lé?"

Àkàbà lọ sọ fún Ọ̀gá ibùdó. Ọ̀gá kò bínú, èyí ló sì dun Àkàbà jù. Ó kàn gba akoto lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sórí pẹpẹ, ó ní, "Ìdí tẹlifóònù ni wàá máa jókòó sí. Lọ tọ́jú ara rẹ. Bí o bá lè gbé ère oníyanrìn tó wúwo bí èèyàn gun òkè ilé gíga tá a fi ń dánra wò láìdúró, wá gba akoto rẹ."

Obìnrin tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oúnjẹ nílé ìwòsàn kò pariwo lé e lórí. Wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó sì ti rí i pé kò tó.

"Kí lẹ jẹ lánàá?"

"Búrẹ́dì. Ìrẹsì."

"Ìjẹta ńkọ́?"

"Ìrẹsì. Búrẹ́dì."

"Ẹ̀wà? Ẹyin? Ẹ̀pà? Wàrà?"

"Ẹ̀wà máa ń wú mi nínú. Àwọn yòókù, mi ò tiẹ̀ rò ó."

Obìnrin náà gbé bírò sílẹ̀. "Ẹran tí ẹ fi sílẹ̀ kọ́ ló ń ṣe yín. Àìmọye èèyàn ni kì í jẹ ẹ́, tí ara wọn le koko. Ohun tẹ́ ẹ ṣe ni pé ẹ lé òṣìṣẹ́ kan lọ, ẹ ò sì gba ẹlòmíì sípò rẹ̀. Purotéènì ló ń mọ iṣan ara, bí bíríkì ṣe ń mọ ilé. Ara yín ò rí bíríkì, ló bá ń wó ògiri ilé láti fi tún òrùlé ṣe."

Ó ní kí ohun kan nínú ẹ̀wà, ẹ̀wà sóyà, ẹ̀pà, ẹyin tàbí wàrà má ṣe wọ́n nínú oúnjẹ kankan tó bá ń jẹ. Ó ní kó má lé ìrẹsì, kó kàn máa fún un ní ẹnìkejì, nítorí ohun tí kò tó lára ìrẹsì, ẹ̀wà ní in, ohun tí kò tó lára ẹ̀wà, ìrẹsì ní in. Tíì kò gbọdọ̀ bá oúnjẹ rìn pọ̀ mọ́, torí kì í jẹ́ kí ara rí irin inú ẹ̀wà, èyí tó ń fún ẹ̀jẹ̀ lágbára, gbà. Ọsàn ni kó máa fi tẹ̀ lé e. Nígbà tí Àkàbà dìde, obìnrin náà ní, "Ikùn yín ni iṣẹ́ tèmi. Ẹni kan wà ní yàrá òdìkejì tó máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ọkàn. Ẹ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ kẹ́ ẹ tó máa lọ."

Ó kàn án. Ìyẹn nira fún un ju iná lọ, àmọ́ ó kàn án.

Ó wá ku Màmá. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, oúnjẹ dé, ẹran jókòó lórí rẹ̀ bí ọba. Àkàbà kò na ọwọ́ sí aṣọ ìnujú. Ó rọra ti abọ́ náà sẹ́yìn.

Màmá dúró gbagidi. "Ọwọ́ mi ò dùn mọ́ ni?"

"Ọwọ́ yín dùn, Màmá. Èmi ni mi ò lè jẹ ẹran mọ́." Ó sì sọ ìdí rẹ̀. Ó sọ ti àwọn ológbò, ó sì sọ pé Kúkúrú ni òun kọ́kọ́ tú u fún.

Ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ẹ sọ fún Kúkúrú kẹ́ ẹ tó sọ fún mi? Mo ti ń rò pé ẹ fẹ́ kú! Mo ti ń ti orí ẹ̀rọ ìránṣọ dágbére fún yín lọ́kàn mi, ẹ wá ń fi ẹran bọ́ ológbò!"

"Mi ò fẹ́ kó o mọ ohun tí mo rí."

"Ta ló ní kẹ́ ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ rí? Kẹ́ ẹ kàn sọ pé ara yín ò yá, ó tó!"

Màmá kò dá sí wọn. Ó gbé abọ́ ẹran náà, ó gbé e jáde kúrò nínú yàrá pátápátá, ó ṣí fèrèsé kí òórùn rẹ̀ lè jáde. Nígbà tó padà wọlé, ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Ẹ forí jì mí," ó ní. "Ojoojúmọ́ ni mò ń gbé ìyà yín ka iwájú yín, mo rò pé mò ń kẹ́ yín ni."

Ìyàwó rẹ̀ rẹ ẹ̀wà sómi mọ́jú, ó da omi náà nù, ó sè é títí ó fi rọ̀ bí òwú. Síbẹ̀, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kò dára, torí ẹ̀wà ń mú un só. Àwọn panápaná ẹgbẹ́ rẹ̀ ní èéfín kan ń rú nínú yàrá ìsinmi tí rọ́bà omi ò lè pa, wọ́n gbé àga Àkàbà lọ sẹ́bàá fèrèsé. Màmá náà ń mi orí. "Ẹ̀wà lásán ló máa ti ọkùnrin yìí gòkè?"

Ó kọ́kọ́ dà bíi pé òótọ́ ló sọ. Àkàbà kánjú, ó lọ ṣe ìdánwò nígbà tí ara kò tíì gbà. Ó gbé ère oníyanrìn náà, ó gun òkè, ó gun òkè, ó ku díẹ̀ kó dé ibi tí wọ́n ń sọ̀ ọ́ sí, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ bó ṣe kọ̀ lọ́jọ́sí. "Ó tó," Ọ̀gá pè láti ìsàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn wọ̀ ọ́ lára bí ọ̀bẹ. Nílé, kò sẹ́nì kankan nínú ilé ìdáná. Ẹran kan wà nínú ìkòkò Màmá. Àkàbà bu ú sínú àwo, ó di imú mú, ó fi fọ́ọ̀kì gún un, ó gbé e dé ètè. Òógùn bò ó.

Ìyàwó rẹ̀ gba fọ́ọ̀kì náà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ẹ̀yìn. "Ta lẹ fẹ́ fìyà jẹ? Ìgbà wo la bẹ̀rẹ̀ ná?"

Obìnrin ilé ìwòsàn náà sọ ohun kan náà fún un: bíríkì ti ń dé, ṣùgbọ́n ẹni tí kò pe bíríkìlà, bíríkì á kàn tò síta ni. Ó ní láti máa gbé nǹkan tó wúwo lójoojúmọ́, díẹ̀díẹ̀. Kúkúrú ní kò sí wàhálà, òun ni nǹkan tó wúwo náà. Ló bá ń gun ẹ̀yìn Àkàbà ní gbogbo àárọ̀, tí ìyẹn ń pọ̀n ọ́n gun àtẹ̀gùn ibùdó, tí Kúkúrú ń jẹ ẹ̀pà lórí rẹ̀, tí ó ń pariwo pé, "Ẹ sáré díẹ̀, ẹ̀gbọ́n, mi ò fẹ́ pẹ́ débi iṣẹ́!" Lóòótọ́, ó máa ń fún un ní ẹ̀pà náà jẹ tí wọ́n bá dókè. Ẹyin méjì láàárọ̀, ẹ̀wà lọ́sàn-án, wàrà kó tó sùn. Ìyàwó rẹ̀ tú ìránpọ̀ ìbàdí ṣòkòtò náà. Kò sọ nǹkan kan. Ó kàn ń kọrin lábẹ́lẹ̀.

Nígbà tó tún gbé ère oníyanrìn náà, gbogbo ibùdó ló dúró sísàlẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń ṣe yẹ̀yẹ́. Níbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kọ̀ tẹ́lẹ̀, ó dúró. Kúkúrú fọwọ́ bo ẹnu. Àkàbà mí kanlẹ̀, ó sì gbé ẹsẹ̀ tó kàn. Ó dókè.

Ọ̀gá kò yìn ín. "O dúró lọ́nà," ó ní, "mo rí ọ." Àmọ́ ó ti mú akoto náà dání bọ̀.

Títí di òní, bí wọ́n bá ń yan ẹran lẹ́bàá ọ̀nà, Àkàbà á gba òdìkejì, kò sì fi pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni mọ́. Àwọn ọjọ́ kan wà tí ìyá tí wọ́n gbé jáde nínú iná fóòmù yẹn máa ń pè é lórí fóònù láti béèrè bóyá ó ti jẹun. Màmá, tó lọ kí i nílé ìwòsàn, ló fún un ní nọ́ńbà.