Ọṣẹ Mẹ́rin, Ọ̀sẹ̀ Mẹ́rin

Títí di òní, ọjọ́ tí olóògbé Mo-Ti-Mọ̀ lá ọṣẹ ní ìpàdé ẹgbẹ́ káfíńtà ni àdúgbò fi ń ka ọdún. Alága ń bá àwọn tó ń pẹ́ dé ìpàdé wí lọ́wọ́, ilé pa lọ́lọ́, nígbà tí Mo-Ti-Mọ̀ ki ọwọ́ bàpò, ó yọ ègé ọṣẹ kan tí kò ju àtàǹpàkò lọ, ó fi ahọ́n kàn án, ó sì dijú.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ń jẹ yẹn?" ni ẹni tó jókòó tì í bi í.

"Mi ò jẹ nǹkan kan. Iṣẹ́ ni mò ń ṣe."

Ó tún lá a lẹ́ẹ̀kejì kó lè dá a lójú. Lọ́tẹ̀ yìí, itọ́ ti pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ìfófó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ létí ètè rẹ̀.

"Ẹ gbà wá o! Ẹnu bàbá ń hó!"

Ọ̀rọ̀ di bóò lọ, o yà fún mi. Alága alára ló kọ́kọ́ fo bẹ́ńṣì. Àwọn tó láyà dì í mú, wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n bu omi wá kíá. Wọ́n da ife omi kan sí i lẹ́nu, ìfófó di ìlọ́po méjì. Wọ́n da ìkejì, ó dé irùngbọ̀n. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ti ń gbé odindi korobá bọ̀ kí olóògbé tó na ọwọ́ sókè, kó dìde jókòó, kó tutọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kó sì fọhùn jẹ́jẹ́ bí adájọ́:

"Kò tíì jinná."

Káfíńtà tó mọṣẹ́ ni, a ò ní parọ́ mọ́ òkú. Àléébù kan ṣoṣo ló ní: kì í béèrè ọ̀rọ̀, kì í sì í jẹ́ kí èèyàn sọ̀rọ̀ tán. Kó o tó dé ìdajì, á ti mi orí, á ní, "Mo ti mọ̀." Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nílé ti sọnù sábẹ́ ìyẹn. Wọ́n á ní, "Bàbá, abéèrè kì í ṣìnà o." Òun náà á ní, "Ẹni tó ń rìnrìn àjò lẹ ń bá wí. Èmi wà ní ṣọ́ọ̀bù mi."

Olùkọ́ kan wá bá a rí, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ tábìlì kan fún kíláàsì mi, kí ẹsẹ̀ rẹ̀..."

"Mo ti mọ̀."

Lọ́jọ́ kẹta, ó gbé tábìlì kan dé tó dé olùkọ́ náà láyà. Àwọn ọmọ jẹ́léósinmi ló wà ní kíláàsì yìí. Èyí tó ga jù nínú wọn ń gba abẹ́ tábìlì kọjá láì bẹ̀rẹ̀. Ojú ti olùkọ́ láti dá a padà, ló bá ń dúró tì í kọ́ni. Lẹ́yìn oṣù méjì, ó wá dúpẹ́ pé ẹ̀yìn tó ti ń dun òun tipẹ́ ti fi òun sílẹ̀.

"Ṣé ẹ rí i?" ni káfíńtà wí. "Mo ti mọ̀."

Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ nìkan ni kò bá a ṣeré. Ìyá ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún nígbà náà, awọ ara rẹ̀ ti fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Ó ń yún un, ó ń sán, gbogbo ọṣẹ tí wọ́n ń tà ló sì ń ta á. Nígbà tó yá, omi lásán ló fi ń nu ara. Ìyẹn ṣì kéré. Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún èèyàn. Ó ní ọ̀rẹ́ kan, aránṣọ ni. Ó ti tó ogójì ọdún tí àwọn méjèèjì ti jọ ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nírọ̀lẹ́, tí wọ́n á di ọwọ́ ara wọn mú, tí wọ́n á máa ṣe òfófó. Ìyá ní kí wọ́n máa sọ fún aránṣọ pé òun ń sùn.

"Mi ò fẹ́ kó gbóòórùn mi," ló sọ fún ọmọ rẹ̀. "Ìwọ náà, má fọwọ́ kàn mí. Ó ń dùn mí."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Mo-Ti-Mọ̀ lákínyẹmí ara.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ló ní ara ìyá lè gba ọṣẹ tí wọ́n bá fi òróró gidi ṣe nílé, tí wọn ò fi lọ́fínńdà sí. Ó ṣàlàyé òróró àgbọn, ó ṣàlàyé omi, ó sì kìlọ̀ gidigidi nípa sódà, torí pé sódà ló ń sọ òróró di ọṣẹ, òun náà ló sì ń bó awọ bí kò bá tíì rọlẹ̀.

"Sódà lẹ máa dà sínú omi o, Ẹ̀gbọ́n, ẹ má da omi lé sódà. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Tó bá wá ti dì..."

"Mo ti mọ̀."

Nọ́ọ̀sì mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀, ló bá fi ìyókù ránṣẹ́ sórí fóònù. Fóònù rẹ̀ ò ní àmì ohùn, kò ní àmì ìsàlẹ̀. Ohun tó wọlé sí ti ẹ̀gbọ́n ni: "To ba ti di, o di ose merin ki Mama to lo o."

Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá á ti rí kòtò tó wà níbẹ̀. Káfíńtà wa ò rí i. Ó po òróró, ó dà á sínú àpótí igi tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn, nígbà tó sì dì lọ́jọ́ kejì, ó fi tépù wọ̀n ọ́n, ó fi ayùn gé e sí mẹ́rin géérégé. Ó wé wọn sínú aṣọ funfun, ó gbé wọn lọ.

"Ìyá mi, ẹ̀bùn yín rèé. Ọwọ́ mi ni mo fi ṣe é."

Ìyá rẹ́rìn-ín, ohun tí kò ṣe láti ọjọ́ pípẹ́. Ó bomi sí i, ó fi pa ọwọ́ méjèèjì. Igbe tó ké, wọ́n gbọ́ ọ dé títì.

"Yéè! Ọṣẹ kọ́ lo fún mi yìí, ọṣẹ́ lo ṣe mí!"

Omi ni Mo-Ti-Mọ̀ ń dà sí ìyá lọ́wọ́ títí àbúrò rẹ̀ fi sáré dé. Nọ́ọ̀sì wo ọwọ́ tó pọ́n náà, ó wo ọṣẹ.

"Ọjọ́ wo lẹ ṣe é?"

"Àná."

"Àná kẹ̀! Ṣebí mo ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin!"

"Kà á! Ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin."

"Ọ̀sẹ̀, Ẹ̀gbọ́n! Ọ̀sẹ̀ tó ní ọjọ́ méje nínú!"

Mo-Ti-Mọ̀ wo fóònù, ó wo ọṣẹ, ó tún wo fóònù. "Kí ló dé tí o ò fohùn sí i?"

"Ṣé ẹ jẹ́ kí n fohùn sọ ọ́ ni?"

Ọwọ́ ìyá san lọ́jọ́ kẹta, a dúpẹ́. Ọkàn rẹ̀ ni kò san. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ó ní títí òun á fi kú, òun ò ní fọwọ́ kan ọṣẹ mọ́, ó wọ yàrá, ó sì ti ilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ náà, ọmọ rẹ̀ ò kan ìṣó kan. Ẹ̀rù ń bà á kí ìyá má lọ bẹ́ẹ̀, láìsí ẹni tó di ọwọ́ rẹ̀ mú, kó sì jẹ́ pé òun ló fà á. Nírọ̀lẹ́, ó rìn lọ sílé àbúrò rẹ̀, ó sọ ohun tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí.

"Mi ò mọ̀ ọ́n. Jọ̀ọ́, kọ́ mi."

Nọ́ọ̀sì sọ fún wa pé òun kọ́kọ́ fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀ bóyá ibà ni.

Ó kọ́ ọ. Wọ́n wọn òróró, wọ́n wọn sódà lórí òṣùwọ̀n, wọ́n to ọṣẹ tuntun sórí pákó kí afẹ́fẹ́ máa fẹ́ sí i. Àbúrò ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin bá pé, kó fi orí ahọ́n kàn án lẹ́ẹ̀kan. Bó bá ta á, kò tíì tó. Lẹ́ẹ̀kan ló sọ. Olóògbé ń lá a láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, àti níbi ìpàdé ẹgbẹ́ bí ẹ ṣe gbọ́. Ahọ́n rẹ̀ bó. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ṣèèṣì da iyọ̀ sínú tíì rẹ̀, ó mu ún tán, ó ní ẹni tó pò ó káre. Nígbà tí wọ́n fi í ṣẹ̀sín, ó ní, "Ó sàn kí ahọ́n mi bó ju kí ọwọ́ ìyá mi bó lọ." Wọn ò fi í ṣẹ̀sín mọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n pé lórí ìlà ẹfun tó ń fà sára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Ó lá ọṣẹ náà, kò ta á. Kò gba ahọ́n ara rẹ̀ gbọ́, torí ahọ́n náà ti jìyà. Ó gbé e lọ bá nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì lá a, ó ní ó ti tó. Ó gbé e lọ bá alága ẹgbẹ́, alága sá. Ó wá fi wẹ̀ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan kó tó lọ kan ilẹ̀kùn ìyá rẹ̀.

"Ìyá mi, mo tún ti dé."

"Kí lo mú dání?"

"Ọṣẹ ni."

"Máa lọ."

Kò lọ. Ó gbé abọ́ omi kalẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi ọṣẹ pa ojú, ó pa ọrùn, ó pa orí rẹ̀ tó pá, ó sì jókòó síbẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀.

"Kò ta ẹ́?"

"Ó ń ta mí lójú, ìyá mi. Ojú nìkan ni. Kò ta mí lára."

Ìyá jáde. Ó na ìka kan, ìka tó kéré jù, ó fi kan ìfófó tó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀, ó dúró. Ó na ọwọ́ kan. Ó na ìkejì.

"Ó rọ̀," ló wí. "Ara mi gbà á." Ó bomi sí ọwọ́, ó fọ̀ ọ́, ó gbóòórùn rẹ̀. "Lọ pe aránṣọ wá. Sọ fún un pé mo ti jí."

Ọkàn gbogbo wa balẹ̀. Mo-Ti-Mọ̀ dé ṣọ́ọ̀bù, ó na ara sórí pákó lọ́sàn-án gangan, ó sùn fọnfọn, ó ń hanrun, a sì ní kí ẹnikẹ́ni má jí i.

Ìyá tún lo ọdún mẹ́fà sí i. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú títí ó fi lọ. Ọmọ náà tẹ̀ lé e lọ́jọ́ ogbó tirẹ̀, láìpẹ́ yìí. A ṣì ń fi í rẹ́rìn-ín torí pé a fẹ́ràn rẹ̀, àárò rẹ̀ sì ń sọ wá.

Balùwẹ̀ ìyá kọjú sí ṣọ́ọ̀bù láwọn ọdún yẹn. Láàárọ̀, bí omi bá ti ń dún, tí ìyá sì gbé orin, káfíńtà á gbé òòlù sílẹ̀, á fọwọ́ lérán. Bí oníbàárà bá sọ pé òun ń kánjú, á rọra gbé ìka lé ètè.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná. Ìyá mi ń wẹ̀."