Géètì Kẹta

Ọkùnrin kan wà tó ń ṣọ́ ìsédò. Géètì mẹ́ta ni ìsédò náà ní. Méjì ń ṣiṣẹ́. Wọn kì í ṣí ìkẹta, torí omi kì í ga débẹ̀. Síbẹ̀, gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni ọkùnrin yìí ń gbé gírísì lọ pa wíìlì tí wọ́n fi ń ṣí i. Á yí i lọ, á yí i bọ̀. Àwọn ará ibiṣẹ́ sọ ọ́ ní Bàbá Gírísì.

"Bàbá Gírísì, ṣé ẹ fẹ́ fi din nǹkan ni?"

"Orí yín ni mo fẹ́ fi pa. Ó ti gbẹ jù."

Ó kú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, lórí ibùsùn rẹ̀. Omi ńlá tó ń múra dè ò dé títí tó fi lọ. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Bàtà òjò bàbá tóbi fún un. Ó ki àkísà sí i, ó ń wọ̀ ọ́ lọ.

Ní oṣù kẹta tó gba iṣẹ́, ẹnjiníà dé.

"Àbúrò, bá wa tú wíìlì géètì kẹta. Ti àkọ́kọ́ ti jẹ, ìyẹn la ó fi rọ́pò rẹ̀."

"Tí omi bá wá dé ńkọ́, ọ̀gá?"

"Irú omi yẹn, ẹ̀ẹ̀kan ni láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún. Èyí tó wá gbẹ̀yìn ti pé ogójì ọdún. Ó ṣì ku ọgọ́ta. Fọkàn balẹ̀."

Ọmọ náà mú sípánà, ó lọ bá wíìlì. Ibi tí ọwọ́ bàbá rẹ̀ máa ń dì mú ń dán. Ó gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé e. Àárò bàbá sọ ọ́, àfi bí ebi. Èrò burúkú kan sì wọ inú rẹ̀: kí omi kúkú dé. Kó dé lónìí, kí àwọn tó fi bàbá ṣẹ̀sín rí i. Ló bá rántí pé ìsàlẹ̀ odò ni ilé ìyá òun wà. Ojú tì í.

Òun náà ti bi bàbá rí pé ṣé ọgọ́ta ọdún kò pọ̀ ni. Bàbá rẹ́rìn-ín. "Olè tó kó ẹrù rẹ lánàá, ṣé ó bá ọ ṣàdéhùn pé òun ò ní wá lónìí?"

Ó padà sọ́dọ̀ ẹnjiníà.

"Ọ̀gá, ẹ bá mi kọ ọ́ síwèé pé omi ò ní dé fún ọgọ́ta ọdún. Kí ẹ fọwọ́ sí i. Màá tú u lójú ẹsẹ̀."

"Èmi? Kí n fọwọ́ sí kí ni?"

"Èyí tí ẹ sọ yẹn náà ni."

Ẹnjiníà wo bírò ọwọ́ rẹ̀. Ó wo omi. Ó họ orí.

"Olórí kunkun, bíi bàbá ẹ. Fi í sílẹ̀. Màá wá wíìlì síbòmíràn."

Inú ọmọ náà dùn débi pé ó sáré. Ó ti dé ẹnu ilẹ̀kùn yàrá ìṣọ́, ó ti la ẹnu, "Bàbá, wọn ò ní tú u mọ́ o!", kó tó rí i pé àga bàbá ṣófo.