Ta Ló Ní Edith Ackroyd Kò Ṣiṣẹ́?

Ọdún mọ́kànlélógún ni Doreen Ackroyd ti fi ń to ìwé pélébé sínú pàlí bàtà ní ilé iṣẹ́ ìwé atúmọ̀ èdè kan ní ìlú Leeds. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ̀ọ̀kan ló ní pàlí tirẹ̀. Bí wọ́n bá rí gbólóhùn tó lo ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé, wọn á dà á kọ sórí ìwé pélébé, wọn á fi orúkọ ìwé àti ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí i. Ohun tí wọn ò bá tẹ̀ sínú ìwé, wọn ò kà á sí. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kì í ṣe ẹ̀rí lọ́dọ̀ wọn.

Ní oṣù kejì ọdún 1967, Edith ìyá rẹ̀ kú ní ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin. Doreen lọ forúkọ òkú sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé ìjọba. Níbi tí wọ́n ti ń béèrè iṣẹ́ olóògbé, ọkùnrin náà kọ ọ́ pé: opó Harold Ackroyd, òṣìṣẹ́ ilé ìhunṣọ.

"Iṣẹ́ bàbá mi lẹ kọ yẹn," Doreen wí. "Iṣẹ́ màmá mi ńkọ́?"

"Bá a ṣe ń kọ tàwọn ìyá nìyẹn, mísì. Ẹ fọwọ́ síbí."

Ó fọwọ́ sí i. Ẹ wo ìwọ̀sí! Ta ló tọ́ ọmọ mẹ́fà? Ta ló ń jí láago márùn-ún ní gbogbo ọjọ́ Ajé láti se aṣọ nínú omi gbígbóná, tó ń fún un títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó? Harold tí wọ́n ń dárúkọ yẹn gan-an, ọdún mẹ́jọ ni ikọ́ fi dá a dùbúlẹ̀. Ta ló ń gbé e, tó ń wẹ̀ fún un, tó ń da póò rẹ̀ nù?

Nígbà tó padà sẹ́nu iṣẹ́, ó bá ìwé kan lórí tábìlì rẹ̀. Ọ̀rọ̀ *work* ló wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ọmọ ọdún mẹ́ta mọ̀, ìyẹn kéèyàn ṣiṣẹ́. Ọjọ́ Ẹtì ni wọn yóò kó o lọ sọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé. Fanshawe, ọ̀gá wọn, ti túmọ̀ rẹ̀ báyìí: kéèyàn ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó fún. Àpẹẹrẹ tó fi sí i ni pé, "Ó ṣiṣẹ́ títí ó fi lọ́kọ."

"Ọ̀gbẹ́ni Fanshawe, tó bá wá lọ́kọ tán ńkọ́? Ṣé ó lọ sùn ni?"

Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Fanshawe rẹ́rìn-ín. "Mísì Ackroyd, èmi kọ́ ni mo sọ bẹ́ẹ̀ o. Pàlí ló sọ ọ́. Ẹ lọ wò ó."

Doreen tú pàlí náà palẹ̀. Irinwó ìwé pélébé ó lé díẹ̀! Gbogbo obìnrin inú wọn ló fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Àwọn ọkùnrin tó kọ gbogbo ìyẹn, ta ló fọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n wọ̀ kọ ọ́?

Ó padà sí tábìlì ọ̀gá. "Ojoojúmọ́ ni màmá mi máa ń sọ pé, 'Mo ti ń ṣiṣẹ́ látàárọ̀, ẹ jẹ́ n jókòó.'"

"Níbo ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí?"

"Ilé ìdáná ló ti sọ ọ́, sà."

"A ò lè fi ọ̀rọ̀ ilé ìdáná ṣe ẹ̀rí. Ẹ mú ìwé tí wọ́n tẹ̀ wá kó tó di ọjọ́ Ẹtì, n ó yí i padà." Ó rò pé òun ti bọ́ nìyẹn.

Doreen dé fìlà rẹ̀, ó di ilé ìwé ìròyìn ìrọ̀lẹ́, níbi tí wọ́n ti ń gba ìkéde òkú. Ó ka ohun tó fẹ́ fún ọmọbìnrin tó ń gba ìkéde.

"Mísì, ohun táwọn èèyàn sábà máa ń kọ ni pé olóògbé ti lọ sinmi."

"Èmi ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ sinmi títí ẹ ó fi kọ ohun tí mo sọ."

Ìkéde náà jáde lọ́jọ́bọ̀: "Edith Ackroyd, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin. Ó ṣiṣẹ́ nínú ilé rẹ̀ fún ọgọ́ta ọdún, ẹnikẹ́ni kò sì san pẹ́nì kan fún un."

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé pélébé, ó kọ orúkọ ìwé ìròyìn àti ọjọ́ sí i, ó gbé e síwájú Fanshawe.

Ọkùnrin náà kà á. "Mísì Ackroyd, ẹ̀yin lẹ kọ eléyìí."

"Ìwé ìròyìn ló tẹ̀ ẹ́, sà. Òfin yín ò sọ pé ọmọ olóògbé ò gbọdọ̀ mọ̀wé kọ."

Fanshawe mú pẹ́ńsù. Ó fagi lé "tí wọ́n ń sanwó fún."

Ọdún kejì ni ìwé atúmọ̀ èdè náà jáde. Gbólóhùn yẹn wà níbẹ̀ lóòótọ́: "Ó ṣiṣẹ́ nínú ilé rẹ̀ fún ọgọ́ta ọdún." Orúkọ ìwé ìròyìn àti ọjọ́ ló tẹ̀ lé e, bí àṣà wọn. Wọ́n ti gé orúkọ Edith kúrò.

Láti ọjọ́ tí Doreen ti débẹ̀, kò fi yíǹkì kọ ohunkóhun sínú ìwé tí ilé iṣẹ́ náà tẹ̀ rí. Lọ́jọ́ yẹn, ó ṣí ẹ̀dà tó jẹ́ ti ilé iṣẹ́, ó kọ *Edith Ackroyd* gàdàgbà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ náà, ó sì gbé e ka orí tábìlì Fanshawe ní ṣíṣí, kí yíǹkì lè gbẹ.