Ohun Tí Séverin Kò Sọ ní Pobè

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Séverin ti ń fi alùpùpù kérò ní Sakété, iṣẹ́ tí gbogbo ayé ibẹ̀ ń pè ní zémidjan. Ó ti gbé ìyàwó tó ń sá kúrò nílé, ó ti gbé ọkọ tó ń wá a kiri, ó sì ti gbé àwọn méjèèjì lọ́jọ́ kan náà láìjẹ́ kí ọ̀kan gbúròó èkejì. Kò ka èyí sí ọgbọ́n. Gbogbo ohun tójú rí kọ́ lẹnu ń sọ. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ ní Takon nìyẹn, kò sì sí ẹni tó gba oyè fún un.

Nítorí náà, ẹnu yà á nígbà tí Chancelle, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ti Kútọnu dé, tó sì sọ fún un pé àwọn kan wà tó ń kàwé gboyè lórí pípa àṣírí mọ́.

Chancelle ti ṣe ètò kan sórí fóònù. Ẹni tó bá fẹ́ wọ alùpùpù yóò fi pe awakọ̀ tó bá sún mọ́ ọn jù; ṣùgbọ́n bó bá ti sọ̀ kalẹ̀, orúkọ rẹ̀, ibi tó ti wá àti ibi tó lọ yóò pa rẹ́, kò ní sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, títí kan Chancelle fúnra rẹ̀. Séverin ló kó àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ wọ inú ètò náà. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ oṣù tó ń bọ̀ ni yóò kú bí àwọn olùdókòwò kò bá gbé e ró. Àwọn mẹ́ta ń bọ̀ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ Chancelle ní gbọ̀ngàn kan ní Pobè, ó sì fẹ́ kí awakọ̀ kan bá òun lọ.

"Tọ́ntọ́n, ẹ kò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀," ni ó wí, bó ṣe máa ń pe àbúrò ìyá rẹ̀ yìí ní Faransé.

Pacôme, tí òun àti Séverin jọ máa ń dúró de èrò ní ìkóríta, bú sẹ́rìn-ín. "Séverin kẹ̀? Ẹni tí a bi ní aago, tó ní ká lọ bi ẹni tó ni ọjọ́!"

Ní Pobè, Chancelle, ọmọ tó máa ń jókòó sórí táǹkì alùpùpù Séverin lọ sílé ìwé nígbà kan, dìde níwájú àwọn tó wọ kóòtù, ó ń sọ Faransé bí ẹni ń da omi. Séverin gbọ́ ìdajì. Ìdajì tó kù, ojú ni ó fi gbọ́ ọ. Ó rí àwòrán ìkóríta wọn tí ẹ̀rọ tàn sára ògiri, àwọn àmì kéékèèké tó dúró fún èrò ń rìn lórí rẹ̀, wọ́n ń tàn, wọ́n sì ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹ̀ta iná. Ó dà bíi pé ẹnìkan ya inú òun gan-an sára ògiri fún aráyé wò. Kò mọ̀ pé inú òun lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀.

Olùdókòwò kan tó ń jẹ́ Anicet gbóhùn sókè. Ó ní iṣẹ́ náà dára, àmọ́ ṣé ọmọ yìí mọ ohun tó ń dà nù? Ìrìn àwọn ènìyàn gan-an ni ọjà. Àwọn tó fẹ́ mọ ibi tí oníkálukú ń lọ yóò rà á. Bó bá lè máa tọ́jú rẹ̀, òun yóò dókòwò lónìí.

"Ọ̀gá, ìrìn wọn kì í ṣe tèmi láti tà," ni Chancelle dáhùn.

"Ìwọ lè sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn awakọ̀ ńkọ́? Ẹni tó bá ra bíà fún wọn ni wọ́n á rò ó fún." Ó yíjú sí Séverin, ó sì yí èdè padà sí Ànàgó, bí ẹni ń bá ará ilé sọ̀rọ̀. "Bàbá, ta ni ẹ gbé kẹ́yìn lánàá?"

Séverin dìde. Ìgbà yìí ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wo àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní àwòfín. Obìnrin àárín, tí wọ́n ń pè ní Màdáàmù Félicité, òun gan-an ni èrò tó gbé kẹ́yìn lánàá. Láti Sakété ni Séverin ti gbé e lọ sí Yoko, sí iwájú ilé amọ̀ kan tí òrùlé rẹ̀ ti wó. Ó dúró dè é níbẹ̀, ó sì gbé e padà pẹ̀lú ojú tí ẹkún ti mú wú. Obìnrin náà ń yí òrùka rẹ̀ po báyìí, kò gbójú sókè. Séverin mọ̀ pé bí òun bá kí i lásán, òun ti di ojúlùmọ̀ rẹ̀, ojúlùmọ̀ a sì máa báni tún ọ̀ràn owó ṣe; ṣùgbọ́n àwọn tó kù yóò mọ̀ pé òun ti gbé e rí.

"Ènìyàn ni, ọ̀gá," ni ó wí.

"Ọkùnrin àbí obìnrin?"

"Èrò ni."

"Níbo ni ẹ gbé e lọ?"

"Ibi tó ń lọ."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Anicet náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò fi í sílẹ̀. "Bí mo bá ní n óò dókòwò sí iṣẹ́ ọmọ yín bí ẹ bá sọ ọ́ ńkọ́?"

Séverin wo Chancelle.

"Ọ̀gá, ẹ̀yin fúnra yín kò ní lè gun alùpùpù mi mọ́ nígbà náà, torí ẹ óò ti mọ̀ pé mo máa ń sọ̀rọ̀."

Anicet pa ìwé rẹ̀ dé. Ó ní òun wá ra òwò, ẹ̀kọ́ ilé ni wọ́n ń tà fún òun. Olùdókòwò kejì tẹ̀ lé e jáde. Ó ku Félicité. Ohùn rẹ̀ kò ròkè nígbà tó ní òun yóò dókòwò, kí wọ́n ṣáà kọ ọ́ sínú àdéhùn pé olùdókòwò pàápàá kò gbọdọ̀ béèrè ìrìn ẹnikẹ́ni. Owó tó mú sílẹ̀ kò tó ìdajì ohun tí wọ́n ń wá, ṣùgbọ́n yóò gbé ètò náà dé ọdún tó ń bọ̀.

Lóde, Chancelle béèrè pé, "Tọ́ntọ́n, ṣé ẹ mọ Màdáàmù yẹn rí ni?"

"Fi ìwé àdéhùn yẹn hàn mí," ni Séverin wí.

Chancelle fi ibi tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ Félicité sí hàn án: ìlà mẹ́rin ní èdè Faransé, pẹ̀lú òǹtẹ̀ nísàlẹ̀. Séverin kò lè kà á. Ó fi ìka tọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹnu sì ń yà á pé dídákẹ́ lè gùn tó bẹ́ẹ̀.