Àpótí Sípíkà Tí Kò Jáde Nínú Búùtù

Òórùn gúlúù káfíńtà ni mo fi ń rántí ọdún tí mo fẹ́ ìyàwó. Nígbà náà, Ìlọrin ṣì ni olú-ìlú ìpínlẹ̀ wa, ọ̀nà Ìlọrin yẹn náà sì ni mo ń fi ọkọ̀ akérò kékeré mi ná láti Kábà. Mo jẹ́ ọ̀dọ́kùnrin tó gbà pé ariwo nìkan ló kù kí gbogbo ayé fi mọ òun. Ní gáréèjì Ìlọrin lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ kan wọlé, àyà mi sì ti ń mì kí n tó gbọ́ orin tó ń kọ. Mo sáré bá ẹni tó ni ín. Ó ṣí búùtù, ó fi sípíkà ńlá kan hàn mí nínú àpótí pákó, ó ní sípíkà ò já mọ́ nǹkan kan láìsí àpótí yẹn, pé afẹ́fẹ́ tí wọ́n sé mọ́ inú rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́, kò sì gbọdọ̀ rí ibi kankan jò. Bí wọ́n ṣe ba tèmi jẹ́ nìyẹn.

Mo ra sípíkà, mo tún ra ẹ̀rọ tó ń fún un lágbára. Káfíńtà tí mo lọ bá ní Kábà ní kí n sọ ibi tí ilẹ̀kùn àpótí náà máa wà. Mo ní kò ní ilẹ̀kùn. Ó wò mí títí, ó ní àpótí aláìnílẹ̀kùn kan ṣoṣo tí òun ń kàn ni ti òkú, òun ò sì ní bá mi kàn án sínú ọkọ̀ akérò. Èmi náà bá di káfíńtà. Mo fi okùn wọn inú búùtù dáadáa, ìbú rẹ̀, gígùn rẹ̀, gíga rẹ̀. Mo ń ki pákó bọ inú búùtù lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń kàn án níbẹ̀, mo po gúlúù mọ́ lẹ́búlẹ́bú tí ayùn gé bọ́ lára pákó, mo fi dí gbogbo ojú ibi tí wọ́n ti pàdé. Nígbà tí mo parí, abẹ́rẹ́ ò rí àyè wọ̀ láàárín àpótí àti ara ọkọ̀. Mo pe àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ mi kí wọ́n wá wò ó. Inú mi dùn débi pé mo tú irin ìdírù tó wà lórí ọkọ̀ dànù, torí ó ń gbọ̀n bí orin bá ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn èrò ọkọ̀ ni kò mọ iyì rẹ̀. Èrò tó ń ti Kábà lọ sí Ìlọrin láìgbé iṣu dání ò pọ̀ nígbà yẹn, èmi ò sì ní búùtù mọ́. Orí itan ni wọ́n ń gbé iṣu lé. Ìyá àgbà kan sọ̀ kalẹ̀ ní Ẹ̀gbẹ́, tí kì í sì í ṣe ibẹ̀ ló ń lọ, ó ní kí n júwe ọsibítù fún òun. Mo júwe rẹ̀, mo tún yí orin sókè.

Ọmọbìnrin kan wà tó ń ránṣọ ní Kábà tí mo fẹ́ràn gan-an. Mópà ni wọ́n bí i sí, bàbá rẹ̀ sì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ igi nílé ìwé kó tó fẹ̀yìn tì. Lọ́jọ́ Sunday tí mo kọ́kọ́ lọ kí bàbá náà, mo ní kí orin ṣáájú mi wọlé. Wọ́n ń gbàdúrà lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì tí mo kọjá, inú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn náà sì ni bàbá wà. Ó gbà mí lálejò nírọ̀lẹ́, ó ní kí n jókòó, ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó ní òun ò kórìíra orin, àmọ́ òun ò lè fi ọmọ òun fún ẹni tí gíláàsì ojú fèrèsé máa ń gbọ̀n bó bá ń bọ̀. Kí n yọ nǹkan náà kúrò kí ọjọ́ ìdána tó pé. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní ó ti yọ náà nìyẹn, sà.

Ìgbà tí mo fẹ́ yọ ọ́ ni ojú mi là. Inú búùtù ni mo wọ̀n, mi ò wọn ẹnu rẹ̀. Àpótí náà fẹ̀ ju ibi tó yẹ kó gbà jáde lọ. Mo fà á, mo tì í, mo bẹ̀ ẹ́. Mo lè fi ayùn gé e, ká má parọ́, àmọ́ ọkàn mi ò gbà á. Mo wá sọ fún ọmọbìnrin náà pé mo ti yọ ọ́, ó sì lọ fi tayọ̀tayọ̀ sọ fún bàbá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ mi di ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ìdána, ìyá mi kó ogún iṣu jáde, iṣu gidi tó jọra. Òun àti àwọn àbúrò rẹ̀ ti kún inú ọkọ̀, iyọ̀, oyin àti epo wà lẹ́sẹ̀ wọn. Kò sí irin ìdírù lórí. Ọjọ́ ọjà sì ni, gbogbo ọkọ̀ ti lọ. Ìyá mi ní kí n ṣí búùtù. Ó fọwọ́ gbá àpótí náà, ó gbọ́ bó ṣe dún.

“Kí ló wà nínú rẹ̀?”

“Afẹ́fẹ́ ni, ìyá mi.”

“Afẹ́fẹ́ lo kó kún búùtù lọ́jọ́ ìdána rẹ? Tú irin dúdú yẹn kúrò, jàre, ká kó iṣu síbẹ̀.”

Báyìí ni mo ṣe tú sípíkà mi, tí iṣu ń gba ojú ihò rẹ̀ wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo rò ó lọ́nà pé ẹ̀yìn ilé ni mo máa dúró sí, kí n sáré kó iṣu jáde kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Mo ti gbàgbé pé àwọn obìnrin ilé ìyàwó ló ń jáde wá gba ẹrù nídìí ọkọ̀. Wọ́n kí wa, “Okun o, okun o,” wọ́n ń kọrin, wọ́n sì ṣí búùtù fúnra wọn. Orí iṣu ló ń yọjú láti inú ihò rìbìtì. Ẹ̀rín gba gbogbo àgbàlá. Bàbá jáde síta, ẹ̀rín sì dáwọ́ dúró. Ọmọbìnrin náà wà lẹ́yìn rẹ̀, ó rí àpótí náà, ó sì wo ilẹ̀. Ojú tì mí nítorí tirẹ̀ ju tèmi lọ.

“O ní o ti yọ ọ́,” ni bàbá wí.

“Irọ́ ni mo pa, sà. Kò lè jáde. Inú búùtù ni mo ti kàn án.”

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka tọ ojú ibi tí pákó ti pàdé, ó tọ ọ́ yí ká. “O kàn án dáadáa,” ó ní. “O ò kàn wọ̀n ọ́n ni. Mo ti fún ọmọ ní òdo nítorí èyí tó kéré sí i.” Ó wá yíjú sí ọmọ rẹ̀, ó bi í bóyá ó mọ̀. Ọmọ náà ní òun ò mọ̀. “Ṣé o ṣì fẹ́ ẹ?”

 Mo ti ń ro bí mo ṣe máa wa ìyá mi padà sí Kábà. Ọmọbìnrin náà bá rìn wá sídìí ọkọ̀, kò wo ojú mi, ó ti ọwọ́ bọ inú ihò, ó fa iṣu kan jáde, ó sì gbé e wọlé lọ. Àwọn obìnrin tó kù tẹ̀ lé e.

Mi ò dá sípíkà náà padà sáyè rẹ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àpótí náà fi wà nínú búùtù, iṣu ìyàwó mi ni mo sì fi ń gbé. Wọ́n ti pín wa sí ìpínlẹ̀ mìíràn tipẹ́ nígbà tí ọkọ̀ náà kọṣẹ́ pátápátá, tí mo ní kí wẹ́dà wá gé e. Ó gé ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò, àpótí sì rọra yọ sílẹ̀, pákó kan ò là. Ìyàwó mi ní kí n gbé e wá sí ilé ìdáná fún òun. Bàbá rẹ̀ ti kú ní ọdún tó ṣáájú, ó sì dùn mí gan-an lọ́jọ́ yẹn pé mi ò lè wakọ̀ lọ sí Mópà, kí n dọ̀bálẹ̀, kí n sọ fún un pé mo ti yọ ọ́.