Ọ̀sán Ọjọ́ Ìgbọ́wọ́lé

Ìyá mi ló kọ́ mi ní Gẹ̀ẹ́sì ní sẹ́kọ́ńdìrì, òun náà ló sì kọ́ mi pé n kò gbọ́dọ̀ pè é ní ìyá mi. Tí a bá ti wọ géètì ilé-ẹ̀kọ́, Anti ni. Ó ti di irun mi láàárọ̀, mo ti jẹ ẹ̀wà tó sè, a ti jọ wọ ọkọ̀ kan náà láti Rumuomasi tí à ń gbé, àmọ́ bí a bá ti kọjá ẹni tó ń ṣọ́ géètì báyìí, mo di ọmọ tí kò mọ̀ rí. "Good morning, Anti." Á mi orí sí mi bó ṣe ń mi orí sí gbogbo ayé.

Òun nìkan kọ́. Gbogbo ọmọ tíṣà tó wà nílé-ẹ̀kọ́ Kristẹni yẹn ló ń pe òbí rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá yòókù máa ń gbàgbé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á yọ́ ju ẹran kan sínú abọ́ ọmọ wọn lásìkò oúnjẹ. Tèmi ò gbàgbé rí. Àwa nìkan ni Yorùbá níbẹ̀, ó sì ní bí wọ́n bá rí i pé òun rẹ́rìn-ín sí mi pẹ́nrẹ́n, wọ́n á ní Yorùbá ló ń gbé Yorùbá ga. Lóòótọ́, ìyá ọmọ kan ti wá pariwo ní ọ́fíìsì pé torí ìyá mi ni mo ṣe gba ẹ̀bùn àkọ́sórí. Láti ọjọ́ náà ni ojú ìyá mi ti le sí mi. Obìnrin yẹn pariwo tán, ó wọ mọ́tò rẹ̀ lọ, èmi ni mo wá ń jẹ ìyà ariwo rẹ̀.

Tí wọ́n bá kó wa jáde lọ wo nǹkan ni ó máa ń hàn jù. Lọ́dún tí a lọ sí oko ọ̀pẹ ńlá kan, mo bì sínú bọ́ọ̀sì. Ìyá mi wà níwájú. Ó bojú wẹ̀yìn, ó rí i pé èmi ni, ó sì ní kí tíṣà kejì dá mi lóhùn. Kí a tó dé oko, ó ti bọ́ aṣọ òtútù rẹ̀ fún ọmọ kan, ó ti gbé òmíràn lé itan. Mo rí gbogbo rẹ̀. Ó dùn mí wọra, n kò sì lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, torí ta ni mo fẹ́ fẹjọ́ rẹ̀ sùn?

Ṣùgbọ́n ìpàgọ́ ló ba nǹkan jẹ́ tán. Lọ́dọọdún, kí Àjíǹde tó dé, ilé-ẹ̀kọ́ máa ń kó wa lọ pàgọ́ nínú ọgbà ìjọ kan ní Elelenwo. Ààwẹ̀, ẹ̀kọ́ Bíbélì, bọ́ọ̀lù, ẹ̀fọn. Ní ọ̀sán ọjọ́ tí a máa kúrò, àwọn òbí á wá. A ó tò sínú gbọ̀ngàn, òbí kọ̀ọ̀kan á wá ọmọ tirẹ̀ rí, á gbé ọwọ́ lé e lórí, á sì súre fún un sókè ketekete. Wọn kì í fi ọ̀sán yẹn ṣeré. Àwọn bàbá tí kì í sọ̀rọ̀ nílé á máa sunkún. Ọmọ tí wọ́n bá súre fún á rìn jáde bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba aṣọ tuntun.

Aṣọ́bodè ni bàbá mi, ẹnubodè òkè-ọya ni wọ́n gbé e lọ, Kérésì nìkan la sì máa ń rí i. Ìyá mi ló ń darí ìpàgọ́, òun ló ń di máìkì mú lórí pèpéle. Lọ́dún àkọ́kọ́, mo dúró, mo ń wò ó. Mo rò pé á sọ̀kalẹ̀. Ojú wa ṣe mẹ́rin, ó sì gbé ojú rẹ̀ sórí bébà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá ọmọ kíláàsì mi kan, ará Ikwerre, tó ń súre fún ọmọ tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ló na ọwọ́ òsì sí mi.

"Come here, my pikin. Who get you?"

Mo ní n kò ní ẹnìkankan. Ṣé kí n nàka sí pèpéle ni?

Nígbà tí a délé, mo bi ìyá mi pé kí ló dé tí kò sọ̀kalẹ̀.

"Ta ni ì bá di máìkì mú?"

"Pásítọ̀ wà níbẹ̀ kẹ̀, Mọ́mì."

"Ṣé mi ò kì í gbàdúrà fún ẹ nílé ni?"

Àdúrà ilé wa, mo mọ̀ ọ́n lórí. Kí Ọlọ́run gbé bàbá mi padà sí tòsí, kó fún un ní ìgbéga. Níparí ni orúkọ mi máa ń wà, pẹ̀lú ti àwọn àbúrò mi, kí a tó ṣe àmín.

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, bákan náà ni. Lọ́dún míì, mo ní inú ń run mí, mo lọ dùbúlẹ̀. Nígbà tó yá, mo sọ ara mi di ẹni tó ń to àga lẹ́yìn gbọ̀ngàn, kí ọwọ́ mi ṣáà rí nǹkan ṣe.

Nígbà tó ku ìpàgọ́ kan ṣoṣo kí n jáde, mo lọ bá a ní kíṣìnnì níbi tó ti ń dín dòdò. Mo ní, "Mọ́mì, èyí ló kẹ́yìn o. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ ṣáà gbé ọwọ́ lé mi lórí, kò ní pẹ́."

Kò wò mí. Ó yí dòdò padà. "Màá rí sí i."

Ìyá mi kì í dédé sọ pé òun máa rí sí nǹkan. Mo gbà pé ó ti ṣe.

Ọ̀sán náà, mo dúró síwájú gan-an. Mo rí i tó gbé máìkì fún pásítọ̀. Mo rí i tó ń sọ̀kalẹ̀, tó ń tún gèlè rẹ̀ ṣe. Mo tẹrí ba, mo di ojú. Mo gbóòórùn ìpara rẹ̀ nítòsí, mo sì gbọ́ ohùn rẹ̀: "Olúwa, ọmọ mi rè é o." Yorùbá ni. Bí àdúrà bá ti gbóná lẹ́nu rẹ̀, Yorùbá ló máa ń bọ́ sí. Mo ń retí ọwọ́ rẹ̀ lórí mi, ọwọ́ ò dé. Mo la ojú.

Orí ọmọbìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ni ìyá mi gbé ọwọ́ méjèèjì lé. Ọmọ Ígbò ni, ọ̀gá báńkì ni bàbá rẹ̀, àwọn òbí rẹ̀ sì ti rìnrìn àjò. Ìyá mi bẹ Ọlọ́run pé kí ọmọ náà má tẹ́, kó má ṣìnà, kí ilé má lé e, kí ọ̀nà má nà án, kí òun, ìyá rẹ̀, fojú rí ọmọ rẹ̀. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀ sórí irun ọmọ náà. Ọmọ yẹn ò gbọ́ ẹyọ kan. Nínú gbogbo èrò gbọ̀ngàn yẹn, èmi nìkan ni àdúrà náà yé.

Pásítọ̀ pè é. "Anti, time don go." Ó nu ojú rẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó gun orí pèpéle padà.

A padà délé. Òun ló kọ́kọ́ lanu.

"Ọmọ yẹn ò ní ẹnìkankan níbẹ̀. Àánú ẹ̀ ló ṣe mí."

"Èmi ńkọ́?"

Ó wò mí bí ẹni tí ìbéèrè ò yé. "Ìwọ? Ìwọ ní mi."

Inú ń bí mi títí dòní, n kì í sì í ṣe ọmọdé mọ́. Mo mọ̀ pé kì í ṣe èèyàn burúkú, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Lọ́jọ́ tí ìyá mi fẹ̀yìn tì, gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́, àwọn tó ti kọ́ níwèé ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan láti sọ pé ìyá ló jẹ́ fún àwọn. Ọ̀kan di ọwọ́ mi mú: "You enjoy o. You get am for house every day." Mo rẹ́rìn-ín, mo sì ń jẹ ìrẹsì mi lọ.

Ilé-ẹ̀kọ́ míì ni mo fi ọmọbìnrin tèmi sí, ní Woji, àmọ́ àwọn náà ní àṣà ìgbọ́wọ́lé yẹn. Lọ́dún tó kọjá, mo gbààyè níbi iṣẹ́, mo débẹ̀ kí wọ́n tó ṣí gbọ̀ngàn. Nígbà tí wọ́n ní ká bẹ̀rẹ̀, mo wá ọmọ mi rí, mo gbé ọwọ́ méjèèjì lé e lórí, mo di ojú. Ọ̀rọ̀ ò wá. Èmi tí wọ́n máa ń pè ní ṣọ́ọ̀ṣì pé kí n wá gbàdúrà. Àwọn òbí tó yí mi ká ń ké, wọ́n ń pe orúkọ ọmọ wọn. Àdúrà kan ṣoṣo tó ń wá sí mi lẹ́nu ni èyí tí ìyá mi gbà fún ọmọ ọlọ́mọ, n kò sì fẹ́ fi ẹnu mi sọ ọ́.

Ó ṣe díẹ̀, ọmọ mi gbé ojú sókè lábẹ́ ọwọ́ mi.

"Mummy, you don finish?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo ti parí.