Bàtà Tí Wọ́n Fi Dúpẹ́ Lọ́wọ́ Bàbá

Ọmọ ọmọ mi mú mi lọ síbi tí wọ́n ti ń yí bọ́ọ̀lù ní Galadimawa. Bí mo ṣe gbọ́ gbírìgbírì rẹ̀ lórí pákó, mo rántí bàbá mi.

Káfíńtà ni bàbá mi ní àgọ́ òṣìṣẹ́ ní Bwari, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti máa ń yí irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ lórí pákó gígùn. Ọ̀fẹ́ ló ń bá wọn to àwọn igi tí bọ́ọ̀lù ń bì lulẹ̀, láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Bọ́ọ̀lù náà wúwo bí ọlọ. Ẹsẹ̀ lásán ni Bàbá máa ń wà lórí pákó. Bí bọ́ọ̀lù bá ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, á fò kúrò láìwẹ̀yìn, àwọn èèyàn á pàtẹ́wọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n fi bàtà ńlá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, awọ bàtà náà ṣì ń rùn bíi tuntun.

"Kai, Káfíńtà ti di ọ̀gá," ni wọ́n ń wí.

Bàbá wọ̀ ọ́, ó gun pákó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í to igi. Màmá mi dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbi tí a ti ń wòran.

"Bàbá Ṣadé, ẹ bọ́ bàtà yẹn."

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé etí Bàbá ti di, pé àtẹ́lẹsẹ̀ ló fi ń mọ̀ pé bọ́ọ̀lù ń bọ̀.

Lọ́jọ́ yẹn, bọ́ọ̀lù ti kúrò lọ́wọ́ ẹni tó yí i, ó ń bọ̀ lẹ́yìn Bàbá. Màmá ń pariwo, ó ń nàka sí ẹsẹ̀ Bàbá. Bàbá rí wa, ó rẹ́rìn-ín. Ó rò pé bàtà là ń yìn, ó sì na ẹsẹ̀ kan jáde kí a lè rí i dáadáa.